Ọjọ́ Tí Ìyá Onílé Pè Mí ní Màdáámù

Ẹ̀wà ni mò ń ṣà nígbà tí rédíò kéde pé Lọ́kọ́jà ti di olú-ìlú ìpínlẹ̀ tuntun. Gbogbo Karaworo, àdúgbò wa ní Lọ́kọ́jà, hó yèè. Ìyá onílé wa jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó máa ń gbá iwájú yàrá wa mọ́ tirẹ̀, á sì bu orí ẹja fún ọmọ mi. "Ìyá Bọ́lá" ló ń pè mí. Ọjọ́ tó bá fẹ́ fowó lé owó ilé nìkan ni mo ń di màdáámù.

"Màdáámù, ẹ kú oríire," ló wí. "Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń bọ̀ o. Wọ́n á wá yàrá."

Owó oṣù ọkọ mi kò lè gbé àfikún kankan mọ́.

Nígbà tí ìyá onílé padà wọlé, Bọ́lá bi mí pé kí ni olú-ìlú.

Mo ní, "Ibi tí gbogbo ayé fẹ́ gbé ni. Dìde, lọ bá Màmá onílé pọnmi."