Ẹnjiníà tó fi ìka dán tẹlifíṣọ̀n wò

Ẹ gbà mí lọ́wọ́ bùọ̀dá tó ń pe ara rẹ̀ ní ẹnjiníà tẹlifíṣọ̀n n'Ífọ̀ yìí!

Ó tú ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n wa lónìí, ló bá na ìka sí túùbù, gíláàsì ńlá tó ń gbé àwòrán jáde.

Mo ní, "Bùọ̀dá, ẹ dúró! Iná ṣì wà níbẹ̀, túùbù máa ń fi iná pamọ́ bí wọ́n tiẹ̀ yọ wáyà. Iná iwájú túùbù ju ti ẹ̀yìn lọ fíìfíì, ìyàtọ̀ yẹn ló ń lé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù eré lọ lu gíláàsì, táwòrán fi ń hàn."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìwé ti yí ẹ lórí. Ṣebí mo ti yọ wáyà lára iná?"

Ó fọwọ́ kàn án. Gbàù! Orí àga màmá mi ló balẹ̀ sí.

Ẹnjiníà dìde, ó ní, "Màmá, ẹ̀mí àìmọ́ wà nínú tẹlifíṣọ̀n yín."

Màmá ti ń wá omi àdúrà.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, orí ta ló yẹ kí wọ́n dà á lé?