Àálè Lórí Àpáta

Ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ fún mi pé òun bẹ̀rù Ọlọ́run, òun ni mo kọ́kọ́ ń ṣọ́. Ìyá mi ní ìwà náà ò dáa, pé bí mo bá ń bá a lọ báyìí, mi ò ní rẹ́ni bá jẹun. Ṣùgbọ́n inú ilé tiwọn náà ni mo ti kọ́ ọ, ní Èrúwà níbí, lórí ọ̀rọ̀ láfún.

Àpáta pẹrẹsẹ kan wà lẹ́yìn ilé tí a háyà. Ibẹ̀ ni àwọn obìnrin ilé wa ń sá láfún sí lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, kálukú ní ojú ibi tirẹ̀. Kò sí ọgbà, kò sí ẹ̀ṣọ́. Ewúrẹ́ nìkan là ń lé.

Lẹ́ẹ̀rùn kan, láfún ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Ewúrẹ́ kọ́, nítorí ewúrẹ́ á tú u ká, á sì yàgbẹ́ síbẹ̀. Ẹni tó ń bu eléyìí mọ iṣẹ́. Bó bá ti bù ú tán, á fọwọ́ tẹ́ ìyókù padà kí àlàfo má baà hàn. Ìyá mi ló fi hàn mí: tiwọn máa ń nípọn, ọwọ́ àjèjì yìí máa ń tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Inú bí mi gan-an. Olè tó tún ń tún ojú ibi tó ti jalè ṣe, ó burú ju olè lọ lójú mi.

Ilé wa ò sì ṣàìní olùjọsìn. Ìyá mi ni olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Alájì tó ni ilé kì í jẹ́ kí ìrun kankan kọjá òun. Nínú àwọn obìnrin yòókù, ẹni tí kì í gbààwẹ̀ á máa lọ ìṣọ́ òru. Ẹnì kan ṣoṣo ni kì í lọ síbì kankan: mẹ̀káníìkì tó ń gbé yàrá ẹnu ọ̀nà, tó ń tún ọ̀kadà ṣe lábẹ́ igi máńgòrò. Nígbà tí àwọn ajíhìnrere wá bá a, ó fún wọn ní bẹ́ǹṣì, ó bu omi fún wọn, ó wá ní òun ò mọ̀ bóyá Ọlọ́run wà, òun ò sì ní parọ́ pé òun mọ̀. Wọ́n ní ṣé òògùn ló wá gbójú lé ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò bẹ̀rù igi, òun ò bẹ̀rù àkísà.

Ẹ ti mọ ẹni tí wọ́n mú.

“Ẹni tí ò bẹ̀rù Ọlọ́run,” Alájì wí, “kí ló máa dá ọwọ́ ẹ̀ dúró?”

“Kò sí o, Alájì,” ni ìyá mi dáhùn. Mi ò rí i rí kí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí tètè fẹnu kò báyẹn nínú ilé wa. Wọ́n tú yàrá rẹ̀, wọn ò bá nǹkan kan. Wọ́n ní ó ti tà á ni. Alájì ní bí oṣù bá ti parí, kó máa kó ẹrù rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ ti dé etí àwọn ọlọ́kadà, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dá lábẹ́ igi máńgòrò. Láfún ṣì ń lọ.

Mo sọ fún ìyá mi pé ọwọ́ tó dúdú fún ọ́ìlì láti àárọ̀ dalẹ́, kò lè tẹ́ láfún funfun kó má dọ̀tí.

“Ọṣẹ ò wọ́n,” ni wọ́n fi dá mi lóhùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gun àpáta lọ, mo rí igi kékeré kan tí wọ́n fi òkúta gbé ró láàárín láfún wa. Ṣùkù àgbàdo, ìkarahun ìgbín àti àkísà pupa ló wà lára rẹ̀. Àálè ni. Ẹni tó bá fọwọ́ kan ohun tí wọ́n so ó sí, kó fara mọ́ ohun tí ojú rẹ̀ bá rí. Ṣùgbọ́n mo mọ àkísà yẹn. Etí ìró tí èmi fúnra mi rà fún ìyá mi ni.

“Màámi, ṣé ẹ̀yin lẹ so nǹkan yìí? Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá?”

“Rọra sọ̀rọ̀.” Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì. “Ọlọ́run ń wò ó, mo mọ̀. Àmọ́ Ọlọ́run máa ń dárí jini, olè náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àálè kì í dárí ji ẹnikẹ́ni.”

Ohun tó dùn mí jù ni pé ó ṣiṣẹ́. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀kúnwọ́ kan ò dín. Kò sì sẹ́ni tó dárúkọ àálè. Àwọn obìnrin ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni pé wọn ò rí i.

Nígbà tí oṣù parí, Alájì pè wá jọ. Mẹ̀káníìkì ti di ẹrù rẹ̀ mọ́ ọ̀kadà, ó ní ìlú Tápà, ní Ìbàràpá wa níbí, lòun ń lọ. Ọ̀rọ̀ kan ló bi wá.

“Alájì, ẹ jọ̀ọ́ sà. Lẹ́yìn tí ẹ ní kí n máa lọ, wọ́n ṣì ń jí láfún. Ìgbà tí àálè débẹ̀ ni olè náà dáwọ́ dúró. Èmi tí mo ní mi ò bẹ̀rù àkísà, ṣé àkísà ló wá dá ọwọ́ mi dúró ni?”

“Àálè wo? Ta ló rí àálè nínú ilé mi?”

Kò sẹ́ni tó rí i. Gbogbo wọn ń wolẹ̀. Mo wo ìyá mi. Bí wọ́n bá sọ̀rọ̀, ipò wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ nìyẹn. Bí wọn ò bá sọ̀rọ̀, ọkùnrin yìí á gbé orúkọ olè dé Tápà. Kí n sọ òótọ́, mi ò rò pé wọ́n máa sọ̀rọ̀.

Wọ́n dìde. “Èmi ni mo so ó, Alájì. Etí ìró mi ni.”

Alájì wúkọ́, ó wúkọ́, ó ní kí wọ́n tú ẹrù ọkùnrin náà sílẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní kí ìyá mi lọ máa jókòó sẹ́yìn ná, wọ́n fi ẹlòmíràn ṣe olórí. Mo bi wọ́n bóyá ìbẹ̀rù Ọlọ́run ló gbé wọn dìde lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń bó, wọn ò gbójú sókè.

“Mi ò tiẹ̀ rántí Ọlọ́run. Ojú ló tì mí. Ọmọkùnrin mẹ̀káníìkì yẹn ń wò mí.”

Wọ́n fọwọ́ ara wọn tú àálè kúrò. Kò sẹ́ni tó máa bẹ̀rù rẹ̀ mọ́, nígbà tí gbogbo ilé ti mọ̀ pé etí ìró ni. Lọ́jọ́ kejì, tí mẹ̀káníìkì ti jáde lọ tún ọ̀kadà kan ṣe ní Tápà láti àfẹ̀mọ́júmọ́, a gun àpáta nírọ̀lẹ́, a rí i pé wọ́n ti bu láfún wa tó ṣì pé láàárọ̀. Wọ́n tẹ́ ìyókù padà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Àwọn obìnrin pé lé e lórí. Ọ̀kan ní Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n, èkejì ní wàláì, òun ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Mo ń wo ọwọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí dòní ni mo sì ń wò ó.

Mẹ̀káníìkì ti gbé bẹ́ǹṣì rẹ̀ síbi tó ti lè máa rí àpáta báyìí. Ní ọjọ́ Jímọ̀, bí Alájì bá ń lọ mọ́sálásí, á ní kó bá òun fojú sí àgbàdo tí òun sá. Ní ọjọ́ Ìsinmi, tí a bá ti múra tán, ìyá mi á dúró lọ́dọ̀ rẹ̀.

“Mẹ̀káníìkì, bá mi fojú sí láfún mi o.”

“Ẹ máa lọ, Ìyá. Ẹ bá mi kí Ọlọ́run.”

Ìyá mi, tí wọn ò fọkàn tán ẹlòmíràn nínú ilé yẹn mọ́, tó fi mọ́ èmi, á gbé Bíbélì wọn, wọ́n á máa lọ. Wọn kì í wẹ̀yìn.