Àpótí Sípíkà Ọ̀gá Mi ní Mushin

Òórùn pákó àtijọ́ àti ti ìpara tí wọ́n fi ń ra orúnkún ló kọ́kọ́ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà yàrá ọ̀gá mi ní Mushin. Òórùn yẹn ò yí padà rárá láti ìgbà tí mo wà nílé ìwé girama, tí mo máa ń lọ síbẹ̀ ní Sátidé kí wọ́n lè kọ́ mi ní gìtá. Àwọn ni wọ́n ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa nígbà náà. Ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti débẹ̀ kẹ́yìn. Mo ríṣẹ́ sí Yaba, mo gba yàrá síbẹ̀, mo sì ń sọ fún ara mi pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni màá lọ kí wọn. O mọ bí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ṣe máa ń rí l'Ékòó.

Àbúrò wọn obìnrin ló pè mí lórí fóònù pé wọ́n ń palẹ̀ mọ́ láti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, pé káfíńtà kan sì ń bọ̀ wá gbé àpótí sípíkà tí wọ́n fi ń ta gìtá lọ́jọ́ Ajé, kó lè fi pákó rẹ̀ kan nǹkan mìíràn. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi kan àpótí yẹn kí ìyá mi tó bí mi, mi ò sì tíì gbọ́ ibòmíràn tí gìtá ti jinlẹ̀, tó sì tutù létí bẹ́ẹ̀. Yàrá mi ò lè gbà á, ṣùgbọ́n mo mọ ọ̀nà tí mo lè gbà gbé ohùn rẹ̀ lọ.

"Ohùn rẹ̀ nìkan?" Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín nígbà tí mo gbé kọ̀ǹpútà àti máìkì kalẹ̀. "Báwo lo ṣe fẹ́ ṣe é?"

Mo ṣàlàyé fún wọn pé màá rán ohùn kan gba inú sípíkà náà, ohùn tó ń ti ìsàlẹ̀ pátápátá gòkè lọ títí tí yóò fi tín-ín-rín. Máìkì á gbà á sílẹ̀, kọ̀ǹpútà á sì fi mọ bí àpótí náà ṣe máa ń yí ohùn padà. Láti ọjọ́ náà lọ, bí mo bá ki wáyà gìtá bọ kọ̀ǹpútà, á máa dún bíi pé inú àpótí wọn ló ti ń jáde.

Ìgbà àkọ́kọ́, ará ilé bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ata. Ìgbà kejì, jẹnẹrétọ̀ ni. Nígbà tí ibẹ̀ wá parọ́rọ́, ohun tí mo gbà ń dún ṣanṣan bí agolo. Mo gbé máìkì síhìn-ín, mo gbé e sọ́hùn-ún, pàbó. Mi ò bi ọ̀gá mi léèrè, torí etí wọn ti ń di. Àfi bí wọ́n ṣe rọra dìde, tí wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ lé aṣọ iwájú sípíkà bí ohùn náà ṣe ń gòkè. Wọ́n wọ́ ọwọ́ lọ díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń fi í wá ibi tó ti ń gbọ̀n dáadáa, wọ́n sì dúró lẹ́bàá etí aṣọ náà.

"Ibí ni. Gbé e wá síbí."

Bí mo ṣe gbé e síbẹ̀ báyìí, ó bọ́ sí i. Mo yọ wáyà kúrò lára àpótí, mo ki wáyà gìtá mi bọ kọ̀ǹpútà, mo fi hẹ́díséètì sí wọn létí, mo yí ohùn sókè, mo sì ta orin ìyìn kan tí wọ́n kọ́ mi. "Òun gan-an nìyí," ni wọ́n wí, wọ́n sì fi etí síńgílẹ́ẹ̀tì nu ojú.

Mò ń ká wáyà lọ́wọ́ nígbà tí aládùúgbò kan bi wọ́n ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé ta ni àlejò wọn. Mo gbọ́ tí wọ́n ní, "Ọmọ mi ni. Ó gbọ́ pé mò ń lọ, ló bá wá kí mi."

Ojú tì mí débi pé mi ò lè gbé orí sókè. Nítorí àpótí ni mo ṣe wá. Ká ní káfíńtà ò bọ̀ ni, ṣé mo máa wá? Mo bi ara mi léèrè títí mo fi dé Yaba.

Lọ́jọ́ Ajé, káfíńtà gbé àpótí lọ. Nígbà tó di Ọjọ́rú, mo ti ibi iṣẹ́ gba Mushin lọ, lọ́wọ́ òfo.

"Kí lo gbàgbé?"

"Mi ò gbàgbé nǹkan kan, sà. Ẹ̀yin ni mo wá kí."

Wọ́n wò mí, wọ́n fa àga sún mọ́ mi, a sì jókòó sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, láìmẹ́nu ba gìtá.

Títí dòní ni mo ṣì ń lo ohùn yẹn, àwọn èèyàn sì máa ń bi mí pé níbo ni mo ti rí i. Ṣùgbọ́n Ọjọ́rú yẹn ni mo máa ń dúpẹ́ fún jù. Wọ́n ti pè mí lọ́mọ kí n tó ṣe bí ọmọ. Mo kàn tètè padà lọ, kí wọ́n tó kó lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, kí orúkọ náà lè bá mi mu ni.