Àáró tí mo fi kọ̀ǹpútà ṣe

Ní abúlé wa ní Lèma, bí o bá fẹ́ mọ ẹni tó níyì, má wo ilé rẹ̀, wo bí èrò ṣe ń pọ̀ tó lọ́jọ́ tí àáró bá kan oko rẹ̀. Àáró ni pé kí àwọn àgbẹ̀ kó ara wọn jọ, kí gbogbo wọn kọ ebè lóko ẹnì kan lónìí, kí wọ́n yí sí oko ẹlòmíràn lọ́la, títí yóò fi kárí. Ẹni tí wọ́n bá ṣe fún gbọ́dọ̀ lọ ṣe fún wọn. Bí kò bá lè lọ, kó rán ọmọ. Bí kò bá sì rí ọmọ rán, wọn kò ní bú u. Wọ́n á kàn máa gba ẹ̀bá oko rẹ̀ kọjá.

Orúnkún bàbá mi ló daṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti bá Nàìjíríà lọ, ìkíni orí fóònù nìkan ló ń ti ọ̀dọ̀ wọn wá. Èmi obìnrin tó kù, Kútọnù ni mo ń gbé, mò ń kọ́ ojú òpó ayélujára fún àwọn ilé-iṣẹ́, àtẹ́lẹwọ́ mi sì rọ̀ bíi ti ọmọ ọwọ́. Ta ni yóò mú irú mi lọ kọ ebè?

Olórí àáró ló mú àbá wá. Pẹrẹsidán ni gbogbo abúlé ń pè é, ojúgbà bàbá mi ni. Ó ní àwọn tó ń ti Kútọnù wá ra iṣu kì í mọ ẹni tí iṣu rẹ̀ ti jáde nílẹ̀, wọ́n kàn ń já wọ abúlé bí ẹni tó sọnù. Bí mo bá lè ṣe ibì kan sórí fóònù tí àgbẹ̀ yóò ti máa kọ iye iṣu tó wà sílẹ̀, kí oníbàárà rí i kó tó kúrò nílé, wọ́n á kà á sí ti bàbá mi nínú àáró.

"Iṣẹ́ niṣẹ́ ń jẹ́," ó ní. "Kó ṣáà ti jẹ́ iṣẹ́."

Mo rí bí bàbá mi ṣe fa ara rẹ̀ sókè lórí àga. Bí èyí bá kùnà, kò sí nínú àáró mọ́ nìyẹn, oko rẹ̀ á sì di igbó lójú rẹ̀.

"Kó ṣáà ti jẹ́ iṣẹ́." Ọ̀rọ̀ yẹn ló kó bá mi. Nínú iṣẹ́ tiwa, kí ènìyàn tó kọ ohunkóhun, ó ní láti yan irinṣẹ́. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ohun kan wà tí à ń pè ní fírémùwọ́ọ̀kì: ilé tí àwọn tí o kò rí rí ti kọ́ dé òrùlé, tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ìlẹ̀kùn wà níbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ wà níbẹ̀, yàrá ìkẹ́rùsí wà níbẹ̀. Tìrẹ ni kí o kùn ún, kí o kó ẹrù wọlé. Ní Kútọnù, ojoojúmọ́ ni mò ń lò ó. Mo mọ èyí tó yẹ iṣẹ́ yìí gan-an. Mo sì mọ̀ pé ọ̀sán kan ló máa gbà.

Ọ̀sán kan péré! Mo ro ti àwọn ọkùnrin tó máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú oòrùn lóko bàbá mi, tí ẹ̀yìn wọn á máa dán fún òógùn, nítorí ohun tí mo jókòó ṣe lábẹ́ fáànù, tí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn. Ojú ti tì mí kí n tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Ní àáró, a kì í háyà alágbàṣe rọ́pò ara ẹni. Bí ẹnì kan bá ṣe é, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í gbàgbé. Fírémùwọ́ọ̀kì wá dà bí alágbàṣe lójú mi. Ni mo bá ṣe ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ìbá fi mí ṣẹ̀fẹ̀ títí ọdún á fi yí: mo pa gbogbo irinṣẹ́ gidi tì, mo ní ọwọ́ ara mi ni n óò fi kọ ọ́ láti ìpìlẹ̀. Mo fẹ́ làágùn.

Mo sì làágùn lóòótọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni mo ti ń lọ tí mò ń bọ̀ láàárín Kútọnù àti ilé nítorí rẹ̀. Bàbá mi á rọra gbé omi wá fún mi, á fara ti ọ̀pá rẹ̀ lẹ́yìn mi, á ní, "Ìyá mi, jẹ́ kí ojú rẹ sinmi." Inú mi á dùn. Mo rò pé ó ti rí i pé iṣẹ́ ni.

Nígbà tí iṣu tuntun dé, tí mọ́tò àwọn tó ń lọ gbàdúrà ní Arigbo, ibi mímọ́ àwọn Kátólíìkì tó wà nítòsí wa, kún títì Dassa, a bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Àwọn oníbàárà Kútọnù fẹ́ràn láti gbàdúrà kí wọ́n sì ra iṣu nínú ìrìn kan náà, torí náà ọjà yá. Ó yá títí di ọjọ́ tí Pẹrẹsidán fúnra rẹ̀ wa iṣu. Ó kọ ọ́ sórí fóònù rẹ̀. Ní àkókò yẹn gan-an, àgbẹ̀ mìíràn náà ń kọ tirẹ̀. Nínú ohun tí mo fi ọwọ́ kọ, bí ẹni méjì bá kọ̀wé pọ̀, ti ẹni ìkẹyìn á bo ti ẹni àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀. Kò sí fírémùwọ́ọ̀kì tó mọ iṣẹ́ tí irú rẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀. Iṣu Pẹrẹsidán pòórá lójú òpó. Ọkọ̀ àwọn oníbàárà ń kọjá níwájú rẹ̀, ó ń juwọ́ sí wọn, wọ́n ń lọ kó ti ẹlòmíràn.

Ó wá sílé wa nígbà tí oòrùn wọ̀. Kò pariwo. Ó kí bàbá mi, ó mu omi, ó wá ní, "Ọ̀rẹ́ mi, gbogbo èèyàn ló tajà lónìí àfi èmi. Ṣé mo ṣẹ ọmọ yìí ni?"

Ó rò pé mo mọ̀ọ́mọ̀ yọ òun kúrò ni! Ikú yá ju ẹ̀sín. Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, mo gbàgbé pé kíkúnlẹ̀ ni tèmi. Mo ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo tún sọ pé irinṣẹ́ tó dára ju èyí lọ wà, ọ̀fẹ́ sì ni, èmi ni mo pa á tì.

"Nítorí kí ni?" Bàbá mi ló béèrè.

"Kó lè jẹ́ iṣẹ́, Bàbá. Èyí tó dára yẹn, kò gba wàhálà kankan."

Pẹrẹsidán kọ́kọ́ wò mí, ó wá bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wá ibi tí yóò di mú. "Àbí o rò pé a máa wá wọn òógùn rẹ ni? Iṣu ni ká tà, ọmọ wa! Iṣu!" Ìbá sàn kó bú mi. Bàbá mi kò bá a rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì mo lo fírémùwọ́ọ̀kì náà. Kí wọ́n tó gbé oúnjẹ alẹ́ kalẹ̀, mo ti parí. Pẹrẹsidán gba fóònù ìyàwó rẹ̀ mọ́ tirẹ̀, ó kọ iṣu sórí méjèèjì pọ̀, méjèèjì hàn. Ó pàtẹ́wọ́. Ó fi Faransé dúpẹ́, ó ní, "Mẹ̀sí, ọmọ wa. Ti bàbá rẹ ti pé." Kò bi mí bó ṣe pẹ́ tó, èmi náà ò sì sọ.

Nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀, àáró kan oko wa. Gbogbo wọn wá láìku ẹnì kan. Èmi àti bàbá mi jókòó lábẹ́ igi kajú lẹ́bàá oko, pẹ̀lú omi àti oúnjẹ wọn. Ọkọ́ ń dún, ebè ń dìde, òógùn ń kán sí ilẹ̀ wa. Mi ò lè gbójú sókè. Ìtìjú náà pọ̀ débi pé mo dìde, mo mú ọkọ́ kan tó wà nílẹ̀, mo fẹ́ lọ bá wọn. Bí mo bá ba ebè jẹ́, kí n bà á jẹ́.

Bàbá mi di etí aṣọ mi mú. Kò wò mí, orúnkún rẹ̀ ló ń wò.

"Ìyá mi, jókòó," ó ní. "Bí o bá dìde, èmi nìkan ló máa jókòó."

Mo fi ọkọ́ sílẹ̀, mo jókòó tì í.