Òòlù Ọkọ Ẹ̀gbọ́n Mi

Mo rántí òórùn náà kí n tó rántí ohunkóhun mìíràn: ògógóró tuntun, aṣọ tó ń jó, àti irun orí ènìyàn. Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá ń sun irun ewúrẹ́ ládùúgbò, mo máa ń dìde kúrò níbẹ̀ ni. Àwọn ọmọ mi á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyá àwọn ń sá fún ẹran. Kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín lọ. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá.

Àgọ́ ìpọntí ìyá wa wà létí àbàtà, lójú ọ̀nà tó já láti Ìlútítun sí apá Ìjù-Odò, níbi tí igi ògùrọ̀ ti pọ̀ débi pé oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ kan omi. Bàbá ẹlẹ́mu kan ló ń bá wa dá ẹmu lára igi náà. Yóò gbé e wá láàárọ̀, a ó fi sílẹ̀ kó kan dáadáa, a ó wá rọ ọ́ sínú dúrọ́ọ̀mù, a ó dáná sí i nídìí. Ooru rẹ̀ á gba inú páìpù bàbà lọ, páìpù á gba inú ògbólógbòó ọkọ̀ ojú omi kan tí a rọ omi tútù kún, ooru náà á di ọtí, á sì máa kán sínú ìgò ní òdìkejì. Ògógóró nìyẹn. Ọwọ́ apẹja kan láti apá Àrógbò ni ìyá wa ti ra ọkọ̀ náà nígbà tí kò lè gbé ènìyàn lórí omi mọ́. Ìyá wa fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n gbé e sí àárín, kí iná wà lápá kan, kí ìgò wà lápá kejì. Ó máa ń sọ fún èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pé, "Ọ̀tá ni iná àti ọtí. Omi yìí ló ń là wọ́n. Ẹni tó bá gbé iná kọjá ọkọ̀ yìí, ikú ló ń wá."

Èmi gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lójoojúmọ́, nítorí ìdí páìpù ni mo dàgbà sí. Ẹ̀gbọ́n mi kò fẹ́ràn àgọ́. Ó ní èéfín ń ba ojú òun jẹ́, ó sì lọ ń ta aṣọ ní Òkìtìpupa. Ibẹ̀ ló ti fẹ́ ọkọ rẹ̀, káfíńtà kan báyìí tó mọ iṣẹ́, tí ẹnu rẹ̀ dùn, tó lè pa òkú lẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀, kí n má purọ́. Àmọ́ ọtí fẹ́ràn rẹ̀ jù wá lọ. Lẹ́yìn ikú ìyá wa, nígbà tí àgọ́ ti di tèmi, ó máa ń gun ọ̀kadà wá sọ́dọ̀ mi, yóò ní òun wá kí àna òun, ojú rẹ̀ á sì wà lára ìgò. Nígbà tí mo rí i pé ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n débi pé kò lè di ìṣó mú, mo ní kò gbọdọ̀ tọ́ ọtí mi wò mọ́. Ó rò pé àwàdà ni. Mo mú ìgbálẹ̀, mo fi lé e láti ẹnu ọ̀nà àgọ́ títí dé ojú títì, tí àwọn ọlọ́kadà ń hó lé wa lórí. Kò padà wá mọ́. Ibòmíràn ló ń lọ mu ún. Ta ni kì í ta ọtí ní gbogbo agbègbè yìí?

Nígbà tí ọtí pa á, ẹ̀gbọ́n mi kò béèrè ibi tó ti ń mu ún. Létí sàréè níbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń da iyẹ̀pẹ̀ lé pósí, ó já wọ àárín èrò, ó gbá mi létí, etí mi ń hó. Ó ní, "Ìwọ lo pa á! Ọtí ìyá rẹ lo fi pa á!" Ìyá mi nìkan, àbí? Kì í ṣe ìyá tirẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà. Nígbà yẹn, èmi kì í ṣe ẹni tí í gba ìgbátí kó má san án padà pẹ̀lú èlé. Mo di aṣọ ọ̀fọ̀ rẹ̀ mú, a sì jọ ṣubú sórí òkìtì iyẹ̀pẹ̀, àwa ìyá ọlọ́mọ méjì, a ń fi èékánná ya ara wa lójú bí ológbò. Àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀ ló là wá. Mo sọ fún un pé mo lé ọkọ rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ mi. Ó tutọ́ sílẹ̀. Ó ní irọ́ ni mò ń pa mọ́ òkú.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ló wọ ìjọ aláṣọ funfun kan. Ọ̀fọ̀ ló gbé e dé ibẹ̀, n kò sì dá a lẹ́bi, nítorí ẹni tí ilé rẹ̀ dá páropáro ń wá ibi tí wọ́n ti ń kọrin. Ṣùgbọ́n wòlíì wọn ríran pé ẹ̀mí tó gbé ọkọ rẹ̀ lọ ń gbé nínú àgọ́ mi, àti pé bí wọn kò bá wó o, yóò kan àwọn ọmọ. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọlọ́kadà ránṣẹ́ sí mi pé kí n kó ẹrù mi, òun ń bọ̀ wá wó o. Ohun kan ṣoṣo tí ìyá wa fi sílẹ̀ sáyé! Èsì tí mo fi rán ọlọ́kadà náà, kò ṣeé kọ sínú ìwé. Mo pọ́n àdá mi. Ọjọ́ púpọ̀ ni mo fi jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí ọmọ ogun, tí ẹ̀fọn ń jẹ mí, tí mo ń rí ẹ̀gbọ́n mi lára gbogbo ewúrẹ́ funfun tó bá yọ lọ́ọ̀ọ́kán. Wọn kò wá. Ọjọ́ tí wọ́n wá, mo ti gbé àdá sábẹ́ ẹní, dúrọ́ọ̀mù kan wà lórí iná, mò ń fi ọwọ́ méjèèjì jẹ pupuru.

Ọ̀sán gangan ni. Agogo ni mo kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà orin. Wọ́n yọ láàárín igi ògùrọ̀, láìwọ bàtà, sùtánà wọn funfun báláú, oníkálùkù mú àbẹ́là tó ń jó lọ́wọ́ nínú oòrùn. Wòlíì wà níwájú. Ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò mú àbẹ́là. Òòlù ọkọ rẹ̀ ló mú, òòlù tí mo mọ̀ dáadáa, tí rọ́bà dúdú wà ní ọwọ́ rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ń sáré tẹ̀lé wọn, wọ́n ti gbé fóònù sókè.

Bàbá ẹlẹ́mu ló kọ́kọ́ pariwo. "Ẹ pa àbẹ́là yẹn! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á!" Èmi náà figbe ta, "Ẹ má gbé iná wọ ibí o!" Wòlíì yíjú sí àwọn ènìyàn rẹ̀, ayọ̀ bò ó. Ó ní, "Ẹ ò gbọ́? Ẹ̀mí òkùnkùn ń bẹ̀rù ìmọ́lẹ̀! Ẹ gbé e sókè!" Ni wọ́n bá gbé àbẹ́là sókè, wọ́n ń ké halelúyà, wọ́n sì ya wọlé.

Mo fa àdá yọ. Bí bàbá ẹlẹ́mu kò bá gbà á lọ́wọ́ mi, tó sì jù ú sínú àbàtà, ẹ̀wọ̀n ni ǹ bá ti máa sọ ìtàn yìí. Àjẹ̀ ọkọ̀ ni ọwọ́ mi tún bà. Mo fi na ọkùnrin kan lẹ́yìn, ó dojú dé ilẹ̀. Òmíràn fi ọ̀pá ìjọ lù mí lẹ́nu, eyín mi kan bọ́ síta, èyí tí mo ṣì ń fi ahọ́n wá títí di òní. Mo gé e lọ́wọ́ jẹ. Ẹ̀jẹ̀ tèmi àti tirẹ̀ dà pọ̀ sára sùtánà rẹ̀. Wọ́n da dúrọ́ọ̀mù ẹmu tí kò tíì dé orí iná nù, wọ́n fa òrùlé imọ̀ ògùrọ̀ ya, ẹnìkan ń fi ìdí ìgò gún bàbá ẹlẹ́mu ní ìhà, bàbá tó lè jẹ́ bàbá tirẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kọjá lára wa, ó lọ tààrà síbi tí mo to àwọn ìgò ńlá sí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi òòlù fọ́ wọn. Ó ń sunkún bó ṣe ń fọ́ wọn. Bó bá fọ́ ọ̀kan, á ní, "Ti bàbá àwọn ọmọ mi nìyí." Ó tún fọ́ òmíràn, "Ti bàbá àwọn ọmọ mi nìyí." Ògógóró ṣàn bí omi òjò, ó rin ẹsẹ̀ rẹ̀, ó rin etí aṣọ rẹ̀ dé orúnkún. Lójijì ni wòlíì kúnlẹ̀ láti dúpẹ́, ó sì gbé àbẹ́là rẹ̀ sílẹ̀ létí ọtí tó ń ṣàn.

Iná ògógóró kì í hàn nínú oòrùn ọ̀sán. Ẹni tí kò bá dàgbà sí ìdí páìpù kò lè mọ̀. Ohun tí gbogbo ènìyàn rí ni pé ẹ̀gbọ́n mi fò sókè, ó ju apá, ó ń pariwo, ó ń yí po. Àwọn ará ìjọ hó yèè, "Ẹ̀mí ti bà lé e! Halelúyà!" Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un. Àwọn ọ̀dọ́ ń ya fídíò, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Èmi rí i pé etí aṣọ rẹ̀ ń di dúdú, ó ń gòkè fúnra rẹ̀, láìsí iná tí ojú rí. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo gbàgbé pé mo kórìíra rẹ̀. Mo ju àjẹ̀ nù, mo sáré dì mọ́ ọn. Ó rò pé ìjà ni mo tún gbé dé. Ó fi òòlù lù mí ní èjìká, mo gbọ́ bí egungun ṣe dún. N kò fi í sílẹ̀. Mo fi apá tó kù wọ́ ọ kọjá ìdí páìpù, mo tì í ṣubú sínú ọkọ̀ tó kún fún omi, mo sì jókòó lé e lórí.

Ìgbà tí òrùlé gbiná ni wọ́n tó mọ̀ pé iná ni. Ẹ ò rí bí wòlíì ti sáré! Gbogbo wọn tú ká sínú àbàtà. Dúrọ́ọ̀mù tó wà lórí iná bú gbàù, irin rẹ̀ fò kọjá orí wa. Bàbá ẹlẹ́mu ló fà wá jáde nínú ọkọ̀. Nígbà tí oòrùn fi máa rọlẹ̀, kò sí ohun tó kù nínú ogún ìyá wa bí kò ṣe ọkọ̀ yẹn, etí rẹ̀ jó títí dé ibi tí omi mọ.

Ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì jóná, irun orí rẹ̀ náà lọ. Èmi ni mo jókòó tì í nílé ìwòsàn, tí wọ́n fi aṣọ gbé apá mi kọ́ ọrùn. Àwọn ènìyàn ń yìn mí pé onínúure ni mí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Mo wẹ̀ ẹ́, mo bọ́ ọ, n kò sì dárí jì í. Bí mo bá ń fi ṣíbí fún un lóúnjẹ, ó ń ṣe mí bíi kí n fi ṣíbí náà lù ú. Òun náà kọjú sí ògiri. Àwọn àgbà ní a kì í bínú orí ká fi fìlà dé ìbàdí. Àgbà tó sọ bẹ́ẹ̀, wọn ò jó àgọ́ tirẹ̀ ni.

Nígbà tí èjìká mi san, mo padà sétí àbàtà láti gbé àgọ́ dìde. Mo ti ri òpó mẹ́rin mọ́lẹ̀ nígbà tí mo rí i tó ń tiro bọ̀ láàárín igi ògùrọ̀, nínú sùtánà tuntun, òòlù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, mo mú igi. Mo ní bó bá tún jẹ́ ìjà, ẹni kan yóò kú lónìí. Ó dúró síwájú mi, ó wo òpó tí mo rì, ó fi ọwọ́ mì í, ó mì jolojolo. Ó pòṣé.

Ó ní, "Mú ìṣó wá."

Àgọ́ náà ló wà níbẹ̀ dòní. Ó kéré sí ti ìyá wa, ó sì wọ́ díẹ̀ lápá kan, nítorí ìyàwó káfíńtà kọ́ ni káfíńtà. Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń lọ sí ìjọ, ìjọ mìíràn. Bí wọ́n bá ti ṣe tán, yóò wá jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà mi, òòlù lábẹ́ àga. Ẹni tó bá fẹ́ ra ọtí, ó gbọ́dọ̀ na ọwọ́ kí ẹ̀gbọ́n mi wò ó. Bí ọwọ́ bá ń gbọ̀n, ó parí. Ó ń lé oníbàárà mi lọ, mo sì ń jẹ́ kó lé wọn.

Lọ́jọ́ kan, géńdé ọkùnrin kan kò gbà. Ó ń bú u, ó ń pè é ní àjẹ́ aláṣọ funfun. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀, ó mú òòlù, ó tiro tẹ̀lé e títí dé ojú títì, àwọn ọlọ́kadà ń hó. Nígbà tó padà dé, ó ń mí gúlegúle. Ó jókòó, kò wò mí.

Ó ní, "Ṣé bí o ṣe lé e nìyí?"

Mo mọ̀ pé ọkọ rẹ̀ ló ń sọ. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó ti òòlù padà sábẹ́ àga. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ó máa ti bú ọ gan-an ni."

Mo ní, "Ó bú mi títí ó fi gun ọ̀kadà."

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. Ó fi etí sùtánà nu ojú rẹ̀, ó sì ní kí ẹni tó kàn na ọwọ́.