Ọkọ̀ Bàbá Wa Tó Ń Wúkọ́

Ẹni tó bá fẹ́ bú àbúrò mi, kó kọ́kọ́ wá gbàyè lọ́wọ́ mi. Èmi nìkan ni mo lẹ́tọ̀ọ́ sí i, torí èmi ni mo pọ̀n ọ́n, èmi ni mo kọ́ ọ ní A, B, D, èmi náà ni mo sì jẹ ẹgba rẹ̀ lọ́jọ́ tó tú rédíò bàbá wa palẹ̀ tán.

Mẹkáníìkì ni. Elétí-Ọfẹ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí kì í ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kó tó mọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀. Á ní kí o tẹ iná mọ́ ọn, á di ojú, á tẹ́tí, á ní, "Bẹ́líìtì ni." Bẹ́líìtì náà ló sì máa jẹ́. Èmi tíṣà ni mí, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń gbọ́ irọ́ àwọn ọmọ iléèwé, síbẹ̀ mi ò tíì ní irú etí yẹn.

Àìsàn kan ṣoṣo ló ń ṣe é: géèmù. Ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì, tó ń fi ojoojúmọ́ ayé tún ọkọ̀ gidi ṣe, bó bá di ọ̀sán Sátidé, á fọ ọwọ́, á jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n tó gbé kọ́ ara ògiri ṣọ́ọ̀bù, á di páàdì mú, á máa fi ọkọ̀ tí kò sí níbì kankan sáré ìje. Òun, onígbàjámọ̀ tó wà ní òdìkejì títì, àti onítakisí kan tí wọ́n ń pè ní Rọra. Ẹ má bèèrè ìdí tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti wọ takisí rẹ̀ rí mọ̀ ọ́n. Mo bú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta títí, ó sú mi.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, àwọn tó ń ṣe géèmù náà kéde pé àwọn ń wá ohùn ọkọ̀ àtijọ́ tí àwọn máa lò fún apá kẹta rẹ̀. Àbúrò mi kọ̀wé sí wọn nípa ọkọ̀ bàbá wa. Ẹ gbà mí, wọ́n wá! Obìnrin kan àti ọkùnrin kan ni. Wọ́n so ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gba ohùn mọ́ inú ọkọ̀ náà, wọ́n so ó mọ́ abẹ́ rẹ̀, wọ́n so ó mọ́ ibi tí èéfín ti ń jáde.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọkọ̀ yẹn fún yín. Òkè kékeré kan wà kéèyàn tó dé ilé wa. Bí bàbá wa bá ti ibi iṣẹ́ dé ẹsẹ̀ òkè náà, á já jíà láti ìkẹta sí ìkejì, ọkọ̀ náà á sì wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì: hùn, hùn. Ìyá wa á ní, "Ó ti dé." Àbúrò mi á sáré kó gbogbo ohun tó tú palẹ̀ pamọ́, èmi á sì sáré lọ ṣí géètì. Iṣẹ́ mi nìyẹn láti ọmọ ọdún méje. Bí a bá ní kí bàbá wa tún ikọ́ yẹn ṣe, á ní, "Bí kò bá wúkọ́, báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ̀ pé èmi ni?" Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tí bàbá ti papò dà. Ikọ́ ò lọ.

Obìnrin tó ń gba ohùn gbọ́ ikọ́ náà. Ó ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ lè bá wa tún un ṣe ká tó bẹ̀rẹ̀?" Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni lọ́wọ́ àbúrò mi. Ó ní, "Rárá o. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn."

Inú bí mi gan-an. Lójú àlejò! Odindi mẹkáníìkì, ọkọ̀ bàbá rẹ̀ ń wúkọ́ bí arúgbó tí òtútù mú! Mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ní, "Tún un ṣe, jàre! Ṣé o fẹ́ dójú tì wá ni?"

Ó ní, "Àǹtí mi, ohun tí a ní là ń náání." Mo ní kó gbé ẹnu rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ mi.

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, bọ́lọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì náà là. Kò sí wẹ́dà tó lè jó o. Ọkọ̀ náà wà lábẹ́ àtíbàbà ní ṣọ́ọ̀bù títí dòní, ó ń dán, àmọ́ kò lè fọhùn mọ́. Ìgbà yẹn la tó mọ̀ pé kò sí ẹnì kankan nínú wa tó fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ rí. Ta ló ń gba ohun tó ń gbọ́ lójoojúmọ́ sílẹ̀? Àbúrò mi kọ̀wé sí àwọn onígéèmù pé kí wọ́n fún òun ní ẹ̀dà. Wọ́n ní kò sí ohun tó lè kúrò lọ́wọ́ àwọn kí géèmù tó jáde. Ibì kan ṣoṣo ló kù láyé tí ohùn ọkọ̀ bàbá wa wà, ọwọ́ àjèjì sì ni.

Ẹ wá wo ọjọ́ tí fídíò tí wọ́n fi polówó géèmù náà jáde. Ọdún márùn-ún ni àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ti ń retí. Onígbàjámọ̀ gé irun oníbàárà dé ìdajì, ó fi í sílẹ̀, ó sáré wá. Wọ́n wò ó tán.

"Kí lèyí?" Rọra ló sọ̀rọ̀. "Táyà wọn ò kan ilẹ̀!"

Onígbàjámọ̀ ní, "Bíléńdà ni wọ́n fi ṣe ẹ́ńjìnnì. Ata ni wọ́n ń lọ."

Lórí fóònù, èébú ń rọ̀ bí òjò. Àwọn olólùfẹ́ géèmù ní ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ti ba géèmù àwọn jẹ́. Àwọn kan ní ọkọ̀ àtijọ́ ló fà á, kí wọ́n yọ gbogbo wọn dànù, kí wọ́n fi ti ìgbàlódé rọ́pò. Ilé-iṣẹ́ náà sì fèsì pé àwọn máa gbé e yẹ̀ wò. Èmi tí mo ń bú géèmù láti ọdún gbọọrọ, àyà mi já.

Àbúrò mi ò mikàn. Ó tún gbé fídíò náà sí i, ó gbé etí sún mọ́ ọn, ó di ojú bó ṣe máa ń ṣe fún ọkọ̀ oníbàárà. Ó ní, "Ọkọ̀ mẹ́jọ ló wà níbí, ohùn kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ní. Wọn ò tíì fi ohùn wọn sí i ni. Ọbẹ̀ ṣì wà lórí iná, ẹ ti ń bú alásè pé kò níyọ̀."

"Elétí-Ọfẹ, ìrètí tìẹ ti pọ̀ jù," onígbàjámọ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kó pọ̀."

Wọn ò wá ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. Òun nìkan ló dá jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fún oṣù méjì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé àwọn ọmọ iléèwé mi wá síbẹ̀ láti máa máàkì, mo ní ilé gbóná. Irọ́ ni.

Nígbà tí ara mi ò gbà á mọ́, mo ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ náà lórúkọ àbúrò mi: ojú ìwé mẹ́ta, èébú méje. Àbúrò mi mú bírò pupa tí mo fi ń máàkì, ó fa igi lé gbogbo rẹ̀, ó wá kọ tirẹ̀: "Ọkàn mi balẹ̀ pé géèmù yín máa dára. Ohùn ni ẹ ò tíì fi sí i. Bí ẹ bá fẹ́ fi sí i, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún ikọ́ ọkọ̀ wa ṣe." Wọn ò fèsì.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, wọ́n gbé díẹ̀ lára géèmù náà jáde kí àwọn èèyàn tọ́ ọ wò. Ọ̀sán Sátidé ni. Rọra wá, onígbàjámọ̀ wá, wọ́n ní àwọn kàn ń kọjá ni. Mo gbé àga lọ sí ẹ̀bá géètì ṣọ́ọ̀bù, mo kọ ẹ̀yìn sí tẹlifíṣọ̀n kí wọ́n má bàa rí ojú mi bí kò bá sí níbẹ̀.

Onígbàjámọ̀ ní, "Ọkọ̀ àtijọ́ wà o. Mẹ́ta péré ni wọ́n fi sílẹ̀." Àbúrò mi ní kó gbé páàdì wá.

Mo gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì kan ta jí. Kò jọ bíléńdà. Mo tẹ orí mọ́ ìwé. Ọmọ kan kọ ọ́ pé méje lọ́nà mẹ́jọ jẹ́ mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, mo sì fi bírò pupa pa á, bẹ́ẹ̀ ó gbà á. Ọkọ̀ náà ń lọ, ó ń lọ, ó dé ẹsẹ̀ òkè kan. Àbúrò mi já jíà.

Hùn, hùn.

Nígbà tí mo máa fi mọ̀, mo ti dìde. Ìwé àwọn ọmọ ti fọ́n ká sílẹ̀, ọwọ́ mi ti wà lórí irin géètì. Èmi, ìyá ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta.

Rọra ní, "Táyà wọn ò ṣáà kan ilẹ̀ síbẹ̀," onígbàjámọ̀ sì gbá a lẹ́nu. Ọkọ̀ ti lọ forí sọ ògiri nínú géèmù, torí àbúrò mi ò wo ọ̀nà mọ́. Èmi ló ń wò. Omi ń dà lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Mo pariwo débi pé òdìkejì títì gbọ́: "Ta ló ní kó tún un ṣe? Èmi ni! Ta ló kọ̀ jálẹ̀? Àbúrò mi ni! Àbúrò tèmi!"

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó dá ọkọ̀ náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ dúró síbẹ̀. Ẹ jẹ́ n mú bàbá wa bọ̀."

Mo dúró. Mo gbọ́ ọ láti ọ̀nà jíjìn tó ń bọ̀, ó dé ẹsẹ̀ òkè, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ṣí géètì.