Ṣọ́ọ̀bù Mẹ́jọ àti Àlùbáríkà Kan

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, nígbà tí ọkùnrin kan tó ń ta sìmẹ́ńtì dé iwájú ṣọ́ọ̀bù ìyá mi ní àdúgbò Custom ní Maiduguri, tó mú téèpù jáde, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ògiri láti ìta. Aago náà dá mi lójú nítorí rédíò tó wà ní kẹ́míìsì ẹ̀gbẹ́ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìròyìn ni. Ọkùnrin náà kí ìyá mi dáadáa ní Hausa, ó béèrè àlàáfíà ilé, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun sún àpò òwú kan tó wà lẹ́nu ọ̀nà kí téèpù lè kọjá.

Ìyá mi sún un. Lẹ́yìn náà ló tó béèrè ohun tó ń wọ̀n.

Ọkùnrin náà ní gbogbo ìlà ṣọ́ọ̀bù náà lòun fẹ́ gbà, òun yóò wó ògiri àárín wọn, òun yóò sì máa kó sìmẹ́ńtì sí i. Ó ní Alàájì tó ni ilé ló ní kóun wá wò ó.

Ṣọ́ọ̀bù mẹ́jọ ló wà lórí ìlà náà. Mẹ́ta péré ló ń ṣí: ti ìyá mi, kẹ́míìsì, àti ti ọmọ Hausa kan tó ń tún fóònù ṣe. Márùn-ún yòókù wà ní títì. Ẹnìkan yóò sọ fún ọ pé ìgbà tí àwọn èèyàn ń sá kúrò nílùú ni wọ́n tì wọ́n. Ẹlòmíràn yóò ní ìgbà tí omi ya wọ ìlú ni. Mi ò rí ẹni méjì tí ẹnu wọn kò lórí rẹ̀, nítorí náà n kò lè sọ èyí tó jẹ́ òótọ́. Ohun tí àwọn télọ̀ ń lò ni ìyá mi ń tà, òwú, bọ́tìnnì, síìpù, aṣọ tí wọ́n fi ń tẹ́ inú ẹ̀wù. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ ọ́n. Kò ní ibòmíràn.

A lọ bá Alàájì nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ọmọ Yorùbá ni, bàbá rẹ̀ ló ti Ọ̀fà wá, àmọ́ Maiduguri ni wọ́n ti bí òun, ibẹ̀ ló sì ti ń ṣòwò láti kékeré. Ó ní òun kò bá ẹnikẹ́ni jà, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn márùn-ún tó wà ní títì kò wúlò fún òun. Bí a bá rí àwọn tí yóò gba ṣọ́ọ̀bù márààrún kó tó di Iléyá, òun yóò sọ fún onísìmẹ́ńtì pé kó wá ibòmíràn lọ. Bí a kò bá rí wọn, kí ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ mọ́.

Nígbà náà, mo ti sìnrú ìlú tán, n kò sì tíì ríṣẹ́. Bí àwọn ìlú ṣe ń dàgbà àti bí wọ́n ṣe ń rọ ni mo kọ́ ní yunifásítì. Ìyá mi wò mí bí a ṣe jáde.

“Ìwọ lo kàwé nípa ìlú,” ló wí. “Ìlú nìyí.”

Mo gbé àga síta láràárọ̀, mo ń wo ẹni tó ń kọjá. Ẹni tó ń tún fóònù ṣe ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ń pè mí ní ɗan boko, ọmọ ìwé, ó ń béèrè bóyá mo ti ka gbogbo wọn tán kóun lè lọ sílé lọ jẹun. Mo rí i pé èèyàn ń kọjá dáadáa, pàápàá àwọn obìnrin, àmọ́ wọn kì í dúró. Àwọn tó ń wá ra òwú lọ́dọ̀ ìyá mi, aṣọ tí wọ́n ti gé ló ń wà lọ́wọ́ wọn. Ìyẹn ni pé télọ̀ wọn wà níbòmíràn, ibi tó jìnnà sí wa, bí wọ́n bá sì rí òwú lójú ọ̀nà, wọn kò ní dé ọ̀dọ̀ wa. Apá ìkẹyìn yìí, àbá ni. N kò bá wọn rìn délé.

Mo wá dá a lábàá pé kí a wá ẹyọ kọ̀ọ̀kan: télọ̀ kan, aláṣọ kan, onífìlà kan, oníbàtà kan, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ba ọjà ẹnìkejì jẹ́. Ìyá mi kò gbà. Ó ní obìnrin kì í gbé aṣọ lọ sọ́dọ̀ télọ̀ tó dá wà. Ó fẹ́ ibi tí yóò ti sọ fún ẹnìkan pé ẹnìkejì yóò rán an ní ẹ̀dínwó. Ó ní ìdí nìyẹn tí ọjà fi ń ní ìsọ̀, tí àwọn tó ń ta ohun kan náà fi ń jókòó pọ̀. Mo lọ wo àdúgbò tí àwọn télọ̀ pọ̀ sí, mo lo ọ̀sán kan níbẹ̀. Lóòótọ́, wọ́n nílò ara wọn: ẹnìkan ń gé, ẹnìkan ń rán, ẹnìkan ló ni ẹ̀rọ tí ń dí etí aṣọ. Ṣùgbọ́n àwọn olówùú tó wà láàárín wọn ń fi ẹ̀dínwó pa ara wọn. Nígbà tí mo délé, mo sọ èyí tó gbe ọ̀rọ̀ rẹ̀ àti èyí tó gbe tèmi. A wá fẹnu kò sí télọ̀ mẹ́ta tí iṣẹ́ ọwọ́ wọn yàtọ̀, aláṣọ kan àti onífìlà kan.

A rí wọn. Àwọn télọ̀ náà jẹ́ ọ̀rẹ́ mẹ́ta, ọmọ Hausa, tí wọ́n há ara wọn mọ́ yàrá kan ní Galtimari. Onífìlà ń gba fìlà tí àwọn obìnrin ń fi ọwọ́ kọ́ iṣẹ́ sí ní Jiddari Polo. Aláṣọ ni ìyàwó ọlọ́pàá kan, ará Èkìtì, tó ń ta àǹkárá nínú yàrá wọn ní bárékè. Kò gbọ́ Hausa ju “nawa”, èló ni, àti “na gode”, ẹ ṣeun, lọ. Gbogbo wọn ní ẹ̀bẹ̀ kan náà: Alàájì a máa gba owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n fẹ́ kó jẹ́ káwọn máa san án ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan, kí wọ́n tó pe ìrun Alaasari, a gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá a. Yorùbá la sọ, bí a ti máa ń ṣe. Ó béèrè irú èèyàn tí wọ́n jẹ́, mo sì dáhùn níwọ̀n bí mo ti mọ̀. Ó ní, “Tóò. Àlùbáríkà.” Ó sì na ọwọ́ sí búta rẹ̀ láti ṣe àlùwàlá. A kí i, a jáde.

Nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń gbé wa lọ sílé, ìyá mi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lábẹ́ ohùn. Èmi kò lè jókòó jẹ́ẹ́. Ní Yorùbá, ẹni tó wí àlùbáríkà ti súre. Ní Hausa, bí o bá dá owó lé ọjà, tí ọlọ́jà dá ọ lóhùn pé “albarka”, ó kọ̀ ọ́ ni. Ó kàn fi ẹ̀yẹ kọ̀ ọ́ ni. Mo ń gbìyànjú láti rántí bóyá mo gbọ́ “ù” láàárín “l” àti “b”. Bí mo ṣe ń tún un gbọ́ nínú ọkàn mi tó ni kò ṣe dá mi lójú mọ́.

“Kí ló ń ṣe ọ́?” ni ìyá mi béèrè.

“Màmá, mo rò pé wọ́n kọ̀ ni.”

“Ta ló kọ̀? Àgbàlagbà súre fún ẹ, o ní ó kọ̀. Yorùbá tìẹ ti wọ bàtà Hausa.”

“Hausa ni Alàájì fi ń ná ọjà láti kékeré.”

“Èmi pẹ̀lú wọn ń sọ Yorùbá. Ṣé o gbọ́ ‘albarka’ ni, àbí o gbọ́ ‘àlùbáríkà’?”

Awakọ̀ kẹ̀kẹ́, tí kò gbọ́ Yorùbá rárá, yíjú sẹ́yìn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì béèrè ní Hausa pé ọjà wo ni wọn kò tà fún wa. Ìyá mi ní kó kọjú sí títì.

Ohun tó tẹ̀ lé e yára. Ìyá mi fún ìyàwó ọlọ́pàá ní ìròyìn ayọ̀, ìyẹn kúnlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, nígbà tó fi máa di Sátidé, ó ti kó ẹrù aṣọ wá síwájú ilẹ̀kùn tó ṣì wà ní títì. Èmi ni mo sọ fún àwọn télọ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ tí Alàájì wí gan-an, n kò fi èrò mi kún un, mo rò pé bó ṣe yẹ nìyẹn. Àgbà inú wọn mi orí, ó dúpẹ́, ó sì ní kò burú. Lọ́jọ́ kejì, mo gbọ́ pé wọ́n ti ń wá àyè níbòmíràn. Ọ̀rọ̀ kan náà ń gbé ẹrù wọlé, ó sì ń gbé ẹ̀rọ ìránṣọ lọ.

Mo bẹ ìyá mi pé ká padà lọ béèrè. Ó ní èèyàn kì í bi ẹni tó súre fún un pé kí ni ìtumọ̀ ìre. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, èmi nìkan lọ.

Alàájì jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán.

“Èdè wo lo fi gbọ́ ọ?”

“Hausa, sà.”

“Ìyá rẹ ńkọ́?”

“Yorùbá.”

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ awò ojú rẹ̀. “Ọjà la ń ná lọ́jọ́ náà, ọmọ ìwé. Bí wọ́n bá wí albarka fún oníbàárà, ṣebí yóò fi nǹkan kún un ni? Ẹ̀yin dìde, ẹ gba ilé yín lọ. Láti Ọjọ́bọ̀ ni mo ti ń retí yín.”

Mo ní kò sí owó tí a lè fi kún un. Ó bi mí bóyá òun dárúkọ owó. Ó ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà kò ba òun lẹ́rù. Ohun tó ń ba òun lẹ́rù ni ẹni tí yóò ti ilẹ̀kùn lọ́jọ́ kan, tí òun kò ní rí mọ́. Irú wọn ti kọjá lọ́wọ́ òun. Kí ẹni tí òun mọ̀ dúró fún wọn.

“Ìyá rẹ ni mo mọ̀,” ló wí. “Bí ọ̀kan nínú wọn bá sá kí ọdún tó yí po, ìyá rẹ náà á fún mi ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀.”

Mo ní kó dákun tún un sọ. Ó sọ ọ́ ní Yorùbá, lẹ́yìn náà ó sọ ọ́ ní Hausa, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń kọ́ ọmọdé.

Mo fi ẹsẹ̀ rìn padà kí n lè ronú. Bí ìyá mi bá kọ̀, onísìmẹ́ńtì á gba ibẹ̀ lẹ́yìn Iléyá. Bó bá gbà, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ di ohun tó wà lọ́wọ́ àwọn tí a kò tíì mọ̀ pẹ́. Ọlọ́pàá lè gba ìwé ìṣípòpadà nígbàkígbà, ìyàwó rẹ̀ á sì bá a lọ. Mo gbé e síwá sẹ́yìn, kò sí apá tó wúwo tó èyí tí mo lè gbà á nímọ̀ràn pé kó mú.

Nígbà tí mo sọ fún un, kò béèrè nǹkan nípa àdéhùn náà. Ó béèrè bóyá àgbà inú àwọn télọ̀ ní ìyàwó àti ọmọ níbí. Mo ní n kò mọ̀.

“O jókòó síta tó báyẹn, o ò mọ ìyẹn?”

Ó ti ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan, ohun tí kì í ṣe, ó sì wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Galtimari. Kò sọ ohun tó rí níbẹ̀ fún mi. Nígbà tó dé, ó ní òun yóò dúró fún wọn. Mo rán an létí ọ̀rọ̀ ìyàwó ọlọ́pàá. Ó ní, “Mo mọ̀.”

Lójú mi ni Alàájì ṣe pe onísìmẹ́ńtì lórí fóònù, tó sì sọ fún un pé kó wá ibòmíràn fún ọdún yìí. N kò gbọ́ ohun tí ìyẹn fi dáhùn.

Méjì nínú àwọn télọ̀ ló wá. Ẹ̀kẹta ti gba àyè níbòmíràn láàárín ọjọ́ tí a kò fi mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀. Ìyàwó ọlọ́pàá ń tajà, ó sì ti ń gbọ́ Hausa díẹ̀ sí i. Onífìlà ní òun ń bọ̀, kò tíì wá. Àwọn kan ń sọ pé ìlà wa ti jí. Èèyàn ń dúró ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lóòótọ́, àmọ́ Iléyá ti sún mọ́ tòsí, gbogbo ibi tí télọ̀ bá wà lèèyàn ń dúró. Láràárọ̀, kí ìyá mi tó jókòó, yóò kọ́kọ́ wo ilẹ̀kùn àwọn tó dúró fún, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bóyá wọ́n ti ṣí. Bí ọ̀kan bá pẹ́, kì í lè jẹun.

Lánàá, wẹ́dà kan wá sí ṣọ́ọ̀bù tó yẹ kó jẹ́ ti télọ̀ kẹta. Mo béèrè ẹni tó rán an. Ó ní ọmọ Alàájì ni. Mo béèrè ẹni tí wọ́n ń ṣí i fún, ó ní wọn kò sọ fún òun. Ó gé àgádágodo tó ti dógùn-ún, ó já bọ́ sórí sìmẹ́ńtì ẹnu ọ̀nà. Ìyá mi jáde, ó yọjú wo inú rẹ̀. Èmi náà yọjú. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ẹni tó tì í ti gbá a kó tó lọ.